Gold Wing ńlá àbí Vulcan tó fúyẹ́: ẹ bá mi dá sí i kí n tó sanwó

Ọmọ Ajílété
Ẹ kú ilé o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń gun alùpùpù ńlá lágbègbè wa yìí. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi ro nǹkan kan kí owó tó kúrò lọ́wọ́ mi.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé, lápá Apáàkẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń gun máṣìn. Honda CG125 ni mo fi kọ́ ọ, Bajaj Boxer ni mò ń gùn báyìí, mi ò sì gun ohun tó ju 250cc lọ rí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi tu owó yìí jọ. Méjì ló wà níwájú mi. Ọ̀kan ni Honda Gold Wing GL1800, ti ọdún 2008, tó wà lọ́wọ́ bàbá kan ní Ọ̀yọ́. Ìkejì ni Kawasaki Vulcan S, ti 2016, tókunbọ̀ ni, ó wà ní Ìlọrin. Iye tí wọ́n ń ta méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra.

Ohun tí mo fẹ́ fi ṣe rèé. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni mò ń lọ sí Ìbàdàn nítorí iṣẹ́, nǹkan bí 100 kìlómítà ní àlọ. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, èmi àti ìyàwó mi á lọ wo àwọn ọmọ ní Èkó. Ìyókù, inú ìlú náà ni: ilé, ọjà Wàsò, ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ga ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti íǹṣì mẹ́fà, kílò 72 ni mo wọ̀n. Ilẹ̀ pupa ló wà lẹ́nu géètì mi, ó sì ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wọ inú ọgbà.

Kí n sọ òótọ́, Gold Wing ló wà lọ́kàn mi láti kékeré. Nígbà tí mo wà ní pámárì, mo gé àwòrán rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá wa. Ṣùgbọ́n owó ọdún mẹ́fà kì í ṣe ohun tí mo lè ṣi ná. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Baba Road King
Àbúrò, o kú làálàá owó. Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni mo wà, Harley Road King ni mò ń gùn, ọdún kẹrin rèé. Ó tó nǹkan bí kílò 375 pẹ̀lú epo nínú. Màá sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi nígbà tí mo fẹ́ rà á.

Lójú títì, tí o bá ti kúrò lójú kan, ìwúwo yẹn pòórá. Tírélà á fẹ́ kọjá lára rẹ lọ́nà Ìlọrin, atẹ́gùn rẹ̀ á gbá ọ, máṣìn ò ní mira. Tìrẹ á kàn máa lọ gẹ́lẹ́ bí ọkọ̀. Ibi tó ti ń wúwo ni ibi tó ti dúró. Ilé epo tí ilẹ̀ rẹ̀ kò tẹ́jú. Ibi tí wọ́n ti ní kí o dúró lórí òkúta wẹ́wẹ́ lẹ́bàá títì. Ẹnu géètì rẹ lálẹ́ ọjọ́ tí òjò rọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dá tèmi wó, kò sí ọ̀kankan tó ṣẹlẹ̀ lórí eré. Èyí àkọ́kọ́, mo dúró ra epo, mo fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ ibi tí dísù ti dà sílẹ̀, ẹsẹ̀ yọ̀, ó parí. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta ló bá mi gbé e dìde. Bí orúnkún mi bá wà lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ mìíràn ni ǹ bá máa sọ níbí.

Ooru tún wà níbẹ̀. Atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnì tèmi. Bí súnkẹrẹ fàkẹrẹ bá mú ọ ní Ojóò nínú oṣù kẹta, tí oòrùn ń ta lókè, tí ẹ́ńjìnì ń jó ọ nítan nísàlẹ̀, wàá mọ̀ pé ìlú òtútù ni wọ́n ti ro ẹ̀rọ náà.

Mo fẹ́ràn rẹ̀ o. Mi ò ní tà á. Ṣùgbọ́n mo ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ, inú ọgbà mi sì jẹ́ kọnkéré tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹnu géètì tí o ṣàpèjúwe yẹn ló ń bà mí lẹ́rù fún ọ.

Tísà Físíìsì
Ohun tí Baba Road King sọ nípa ìdúró yẹn, ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò tì í lẹ́yìn, torí ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ná owó ọdún mẹ́fà rí nọ́ńbà.

Nígbà tí alùpùpù bá dúró ṣánṣán, ilẹ̀ ló ń gbé e, ọwọ́ yín ò gbé nǹkan kan. Bó bá ṣe ń tẹ̀ ni ẹrù ń bọ́ sí yín lọ́wọ́. Ká ní ibi tí ìwúwo rẹ̀ kó jọ sí ga tó ìdajì ibi tí ọwọ́ yín ti di hándù mú. GL1800 ti ọdún yẹn lé ní kílò 400, ẹ jẹ́ ká fi í sí 410. Bó bá tẹ̀ ní dígírì 10, ohun tí ẹ máa fi ọwọ́ dì mú tó kílò 35. Bó bá tẹ̀ dé dígírì 20, ó ti di kílò 70. Vulcan S tó wà ní nǹkan bí kílò 230, ní dígírì 10, kílò 20 ni. Ní dígírì 20, ó kù díẹ̀ kó pé 40.

Kílò 72 lẹ ní ẹ wọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ kan di ìwúwo ara rẹ̀ mú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà lórí ilẹ̀ pupa tó rọ̀, ẹ ti mọ ibi tí yóò já sí. Òótọ́ ni pé ẹ́ńjìnì Gold Wing sùn sílẹ̀, sìlíńdà mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì, nítorí náà ìwúwo rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ lọ, ìyẹn á sì dín iye yẹn kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní dín in kù títí tí yóò fi bá Vulcan dọ́gba.

Ará Ìlọrin
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lé yín sá. GL1800 ni mò ń gùn, mo ti gùn ún dé Àbújá tí mo sì padà, ìyàwó mi wà lẹ́yìn, kò ráhùn ẹ̀yìn dídùn rárá.

Ẹ wo ohun tí ẹ ń rà. Ẹ́ńjìnì 1832cc, sìlíńdà mẹ́fà, omi ló ń tù ú. Kò ní ṣéènì, ṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá irin, ló ń yí táyà ẹ̀yìn, eruku ọyẹ́ ò rí nǹkan ṣe sí i. Lítà 25 ni táńkì rẹ̀ ń gbà. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ títí dé Èkó, nǹkan bí 230 kìlómítà, ẹ ò ní dúró ra epo, epo á sì ṣẹ́kù. Vulcan S, lítà 14 péré ni. Ó lè gbé yín dé Èkó tí ẹ bá rọra gùn ún, ṣùgbọ́n ọkàn yín ò ní balẹ̀, ẹ máa dúró ní Ìbàdàn.

Ti pé ó wúwo, ó ní rìfáàsì. Mọ́tò tó ń sitáàtì ẹ́ńjìnì náà ló ń fà á sẹ́yìn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń rìn. Lórí kọnkéré àti ọ̀dà, ẹ ò ní fi agbára kankan tì í.

Ohun tó ń dá a wó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe ìwúwo nìkan, bíréèkì iwájú ni. Wọ́n á ti yí hándù sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á wá fa bíréèkì ọwọ́ ọ̀tún nígbà tí máṣìn bá fẹ́ dúró. Lójú ẹsẹ̀ ló máa lọ sílẹ̀. Ẹ na hándù tààrà kí ẹ tó dúró. Lórí ìrìn jẹ́jẹ́, bíréèkì ẹ̀yìn ni kí ẹ lò, kí kílọ́ọ̀ṣì wà ní ìdajì, kí ojú yín wo ọ̀kánkán, ẹ má wo ilẹ̀. Mo fi oṣù kan gbáko ṣe èyí ní pápá kí n tó gbé ìyàwó mi.

Ohun kan tí ẹ gbọ́dọ̀ bi bàbá Ọ̀yọ́ yẹn: ní 2011, Honda fúnra rẹ̀ pe àwọn GL1800 tó ṣe láti 2001 dé 2010, àti ti 2012, padà, nítorí apá kan nínú bíréèkì ẹ̀yìn tó lè máa di táyà mú nígbà tí èèyàn ò tẹ̀ ẹ́. Ti 2008 wà nínú wọn. Bí wọn ò bá ṣe é kó tó wọ orílẹ̀-èdè yìí, ẹ̀yin lẹ máa wá ẹni tó máa ṣe é. Ẹ gùn ún fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ na ọwọ́ sún mọ́ díísìkì ẹ̀yìn láì fọwọ́ kàn án. Bó bá gbóná kọjá ti iwájú lọ́nà tó ṣàjèjì, ẹ má sanwó.

Ọmọ Ẹbẹdí
Kí ló dé tí ẹ ò ra èyí tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ gùn? Suzuki V-Strom 650, táńkì lítà 20, kò wúwo tó Vulcan, kò sì bẹ̀rù gálọ́ọ̀pù. Èmi ni mo fi ń rin ọ̀nà tuntun Ìsẹ́yìn sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ ṣe, nǹkan bí 76 kìlómítà, tí mo bá sì yà sí abúlé, mi ò ronú lẹ́ẹ̀mejì.

Àṣàkẹ́ Onírebel
Bọ̀dá Ọmọ Ẹbẹdí, ìjókòó V-Strom ga tó mìlímítà 835. Ẹni tó ga ní 5 ẹsẹ̀ bàtà 6, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló máa fi tẹlẹ̀. Ti Vulcan S, 705 ni.

Ọmọ Ẹbẹdí
Òótọ́ ni o. Mo ga, mi ò rò ó dé ibẹ̀.

Mẹkáníìkì Tàkíẹ́
Ẹ kú àpérò o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo ti ń tún alùpùpù ṣe fún ọdún mọ́kàndínlógún. Èmi ò ní sọ èyí tí ẹ máa rà, màá sọ èyí tí ẹ máa rí tún ṣe nílé.

Táyà ni kí a kọ́kọ́ sọ. Vulcan S ń lo 120/70 oníṣì 18 níwájú, 160/60 oníṣì 17 lẹ́yìn. Ti ẹ̀yìn yẹn, àwọn páwà báìkì mìíràn ń lò ó, ẹ máa rí i ní Ìbàdàn tàbí Èkó. GL1800 ń lo 180/60 oníṣì 16 lẹ́yìn. Ìyẹn, àfi kí ẹ ní kí wọ́n bá yín gbé e wá, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ti tẹ́lẹ̀ tó jẹ tán. Mo ti rí oníbàárà tó gbé máṣìn ńlá jókòó sílé fún oṣù mẹ́rin nítorí táyà kan ṣoṣo.

Ẹ wo ọjọ́ orí táyà pẹ̀lú. Lára rẹ̀, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin wà ní ìparí. Bó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ojú táyà lè kún dáadáa kó sì ti le bí igi nínú. Táyà tó ti le kì í di ọ̀nà mú nínú òjò.

Òtítọ́ ni Ará Ìlọrin sọ nípa ṣáàfù. Vulcan ní ṣéènì. Nínú ọyẹ́, eruku ilẹ̀ pupa wa yìí máa ń pò mọ́ ọ̀rá ara ṣéènì, á wá di ohun tó ń lọ̀ ọ́ bí òkúta ọlọ. Ẹni tó bá ní ṣéènì gbọ́dọ̀ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kó nù ún gbẹ, kó fi òróró sí i, ó kéré tán ní gbogbo 800 kìlómítà, kó má jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀ nígbà ọyẹ́. Iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú ni, ẹ̀yin fúnra yín lè ṣe é. Tí ṣáàfù bá bàjẹ́ ńkọ́? Kì í sábàá bàjẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá bàjẹ́, kì í ṣe iṣẹ́ ojúlé mi.

Ọ́ìlì: ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ọ́ìlì mọ́tò sínú ìkankan nínú wọn. Ọ́ìlì kan náà ni ẹ́ńjìnì àti kílọ́ọ̀ṣì jọ ń wẹ̀. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ JASO MA sí lára kéènì. Ọ́ìlì mọ́tò máa ń jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì máa yọ̀.

Méjèèjì ló ń lo injector, ìyẹn ohun tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnì, kò sí kábúrétọ̀ níbẹ̀. Epo tó ní omi tàbí ìdọ̀tí á bá wọn jà. Ẹ máa ra epo níbi tí ọkọ̀ ti ń pọ̀, ẹ má ra ti inú kéègì.

Tí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń tà á, ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé kí wọ́n má sitáàtì rẹ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì, kó tutù. Èyí tó bá ti gbóná kí ẹ tó dé, wọ́n ń fi nǹkan pamọ́ ni. Ẹ wo orí hándù méjèèjì, ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, àti ẹ̀gbẹ́ sàlẹ́ńsà, bó bá ti ṣubú rí ibẹ̀ ló máa ń sọ ọ́. Ẹ yí hándù lọ sápá kan, ẹ yí i lọ sápá kejì, irin tó ń dá a dúró lábẹ́ kò gbọdọ̀ tẹ̀. Ẹ tan iná wo inú táńkì, ìpẹtà á hàn. Kí nọ́ńbà ara férémù àti ti ẹ́ńjìnì bá ti inú ìwé mu.

Ìyá Bọ́lá
Ẹ ò tíì bi ẹni tó máa jókòó lẹ́yìn. Ọdún méje ni mo ti ń jókòó lẹ́yìn ọkọ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Lórí Gold Wing, àga ìgbafẹ́ ni wọ́n fún obìnrin. Ó ní ìfẹ̀yìntì, ó ní ibi ìgbápá lé, ẹ lè sùn. Lórí Vulcan S bí wọ́n ṣe ṣe é wá, ìjókòó ẹ̀yìn fẹ̀ bí ìwé ìléwọ́, kò sì sí ohun tí ẹ máa fẹ̀yìn tì. Dé Ìbàdàn, ẹ máa lè fara dà á. Dé Èkó, ìbàdí obìnrin á sọ fún un.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣeé tún ṣe ni o. Àwọn tó ń ṣe àga mọ́tò lè mú un gbòòrò, kí wọ́n fi fóòmù tó le sí i, kì í ṣe èyí tó rọ̀, nítorí èyí tó rọ̀ á tẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan. Kí ẹ wá ra irin ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ṣe fún un. Ìyẹn la ṣe sí ti ọkọ mi, Yamaha 650 ni.

Kí ìyàwó yín wọ ṣòkòtò o. Kó má wọ ìró, kó má fi ìborùn kọ́rùn. Aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ máa ń wọ inú táyà ẹ̀yìn, mo ti rí ibi tó ti ṣẹlẹ̀ sí obìnrin kan lórí ọ̀kadà, mi ò lè gbàgbé rẹ̀. Kó ní akoto tirẹ̀ tó bá orí rẹ̀ mu. Kí ẹ sì jẹ́ kó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ máa lọ wò ó. Òun náà ló ń gùn ún.

Ọmọ Ajílété
Ìyá Bọ́lá, ẹ ṣeun gan-an. Mi ò tiẹ̀ ronú pé kí n mú un dání. Ẹ̀yin tó gun èyí tó fúyẹ́, ṣé kò ní máa gbọ̀n lọ́nà márosẹ̀? Ìbẹ̀rù mi nìyẹn. Ọ̀nà àtijọ́ Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn tóóró, ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ jọ ń pàdé níbẹ̀, tírélà sì pọ̀.

Àṣàkẹ́ Onírebel
Bọ̀dá, nọ́ọ̀sì ni mí, Honda Rebel 500 ni mò ń gùn, kílò 190 péré, Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin ni mo máa ń gùn ún lọ. Nǹkan bí 55 kìlómítà ni. Mo ga ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti íǹṣì mẹ́ta.

Atẹ́gùn tírélà á gbá yín, mi ò ní purọ́. Ó máa ń gbá lẹ́ẹ̀mejì: ó kọ́kọ́ ń tì yín síta nígbà tí orí rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín, ó tún ń fà yín padà nígbà tí ìdí rẹ̀ bá kọjá. Ẹni tí kò mọ èyí èkejì ló máa ń bá a rìn. Ẹ má di hándù mú gírígírí, apá tó le ló ń gbé ìgbọ̀nrìrì dé táyà. Ẹ fi orúnkún di táńkì mú, kí ọwọ́ yín rọ̀. Vulcan S fi nǹkan bí 40 kílò wúwo ju tèmi lọ, ẹ máa gbádùn rẹ̀ ju mí lọ. Ẹ wá gíláàsì iwájú sí i, àyà yín á sinmi.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn èyí tó fúyẹ́ ni gálọ́ọ̀pù. Nígbà tí kòtò bá yọ sí yín lójijì, kì í ṣe ara lẹ máa fi yà á. Lórí eré, ẹ ti hándù ọ̀tún síwájú díẹ̀, máṣìn á yà sápá ọ̀tún. Ti òsì náà bẹ́ẹ̀. Ó máa ń ya èèyàn lẹ́nu, ẹ dán an wò ní ibi tí kò sí ọkọ̀. Èyí tó fúyẹ́ á dáhùn kíá. Èyí tó wúwo á dáhùn, ṣùgbọ́n á kọ́kọ́ rò ó ná, kòtò ò sì ní dúró dè é.

Cruiser, ìyẹn irú máṣìn tí ìjókòó rẹ̀ wà nísàlẹ̀ bíi tiwa yìí, ò ga nílẹ̀ o, èyí wà fún gbogbo wọn, ńlá àti kékeré. Bọ́ńpù tí àwọn ará abúlé fọwọ́ ara wọn mọ sójú títì máa ń ha abẹ́ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn Vulcan S kò lọ ju mìlímítà 80 lọ kó tó kan ìsàlẹ̀, nítorí náà tí ẹ bá gbé ìyàwó yín, ẹ sọ fún mẹkáníìkì kó fún ṣọ́ọ̀kì yẹn le.

Ẹ má sì rìn lálẹ́. Tírélà tó bàjẹ́ sójú ọ̀nà láì tan iná kò bìkítà èyí tí ẹ rà.

Ọ̀gá Ìwé
Kúkúrú ni tèmi. Bó bá jẹ́ ti mọ́tò nìkan ni ìwé àṣẹ ìwakọ̀ yín, kò tó. Class A ni ti alùpùpù, ẹ ní kí wọ́n fi kún un. Ẹ gba ìwé owó orí kọ́sítọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ẹni tó tà á, kí nọ́ńbà ara férémù wà nínú rẹ̀, ẹ má gba ìlérí pé òun á fi ránṣẹ́. Máṣìn ńlá ni gbogbo ojú máa ń wò ní ibi àyẹ̀wò.

Baba Road King
Àbúrò, mo mọ adúgbò bàbá tó ní Gold Wing yẹn. Tí o bá ń bọ̀, pè mí, màá bá ọ débẹ̀. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, ṣùgbọ́n eku fúnra rẹ̀ ló yẹ kó wọnú ìtẹ́ náà wò.

Ọmọ Ajílété
Ẹ̀yin ará, mo ti dé. Ó gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara dà á.

Sátidé tó kọjá, èmi àti ìyàwó mi lọ sí Ọ̀yọ́. Baba Road King pàdé wa ní Òwódé, wọ́n sì bá wa débẹ̀. Ẹ ṣé, bàbá. Gold Wing náà tutù nígbà tí a débẹ̀, ó sì sitáàtì ní ẹ̀ẹ̀kan. Ìró rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Bàbá tó ní i jẹ́ olóòótọ́ èèyàn: wọ́n gbé ìwé jáde tó fi hàn pé wọ́n ti ṣe bíréèkì ẹ̀yìn yẹn kó tó wọ̀lú. Nọ́ńbà ara táyà ẹ̀yìn jẹ́ 3114. Ojú rẹ̀ ṣì dára, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá.

Mo gùn ún lọ sí ọ̀nà Ìsẹ́yìn, mo sì padà. Mi ò ní lè ṣàlàyé rẹ̀. Ohun tí mo rí lára ògiri nígbà tí mo wà lọ́mọdé ni mo jókòó lé. Ìyàwó mi gun ẹ̀yìn, ó ní kí n má yára padà.

Nígbà tí a padà dé, mo ní kí bàbá jẹ́ kí n gbé e gba ẹ̀yìn ilé wọn, níbi tí ilẹ̀ ti pupa tó sì ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bíi tilé mi. Mo fi í sí rìfáàsì. Táyà ẹ̀yìn kàn ń gbẹ́ ilẹ̀ tó rọ̀ náà, kò rìn. Mo wá fẹ́ fi ẹsẹ̀ tì í, ẹsẹ̀ òsì mi bọ́ sínú ibi tí omi ti gbẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Gbogbo ohun tí Tísà kọ ni mo ní lọ́wọ́ nígbà náà. Baba Road King àti bàbá onílé ló sáré dì í mú. Kò wó. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé tó bá jẹ́ ilé mi ni, lálẹ́, tí kò sí ẹni tó máa bá mi dì í mú, á wó, ó sì ṣeé ṣe kí ìyàwó mi wà lẹ́yìn. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní àga yẹn dùn ún jókòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun rí ojú mi.

Lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, a lọ sí Ìlọrin. Vulcan S náà ti ṣubú rí, ìhà òsì hándù rẹ̀ ní ìhá, sàlẹ́ńsà kò ní nǹkan kan, irin abẹ́ hándù kò tẹ̀. Ṣéènì gbẹ hán-ún hán-ún. Táyà méjèèjì jẹ́ ti 2022. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì balẹ̀ pẹrẹsẹ. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo tì í síwá, mo tì í sẹ́yìn lórí yanrìn, mo tẹ̀ ẹ́ títí dé ibi tí ọwọ́ mi lè gbé, mo sì gbé e padà. Lọ́nà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ pé mo wà lórí rẹ̀. Tírélà méjì pàdé mi, mo rí ìgbá ẹ̀ẹ̀mejì tí Àṣàkẹ́ sọ, mo rọ ọwọ́, ó kọjá.

Mo ti san àsansílẹ̀ lórí Vulcan. Ó dùn mí nígbà tí mo pe bàbá Ọ̀yọ́ láti sọ fún wọn. Wọ́n ní àwọn náà ì bá ti sọ fún mi pé kí n má rà á bí mo bá ti gbé owó dé.

Ìyá Bọ́lá
Ẹ kú oríire o. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín jókòó lórí fóòmù náà kí wọ́n tó rán awọ bò ó. Kó jókòó fún ìdajì wákàtí, kì í ṣe ìṣẹ́jú kan.

Mẹkáníìkì Tàkíẹ́
Ọ̀gá mi, ìhá òsì hándù yẹn, ẹ jẹ́ kí n wo ìdí kílọ́ọ̀ṣì níbẹ̀ kí ẹ tó san ìyókù owó. Ṣéènì tó gbẹ tó bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí eyín sípírókẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irin eléyín tí ṣéènì ń yí lé, ti mú ṣóńṣó. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la máa pààrọ̀ pọ̀, ṣéènì, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, ẹ sì lè fi ìyẹn dúnàá-dúrà pẹ̀lú ẹni tó ń tà á. Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ ká lọ? Ọwọ́ mi ṣófo ní Wẹ́sídeè.

Ọmọ Ajílété
Wẹ́sídeè dára. Aago mẹ́jọ àárọ̀, màá dúró dè yín ní Tàkíẹ́.